Páálí gaàrí tó ń lọ sí Kuwait

Inú mọ́tò ni mo wà, mo ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, nígbà tí Àkànní pè. Ó ní, “Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ páàkì ná.” Àyà mi já. Mo yà sí ẹ̀gbẹ́ ilé epo kan, mo páàkì. Ó ní wọ́n ti pín iṣẹ́, òun náà wà lára àwọn tó ń lọ, Kuwait ni, oṣù mẹ́sàn-án. Mo bi í pé ṣé wọ́n ń jagun níbẹ̀ ni. Ó ní rárá mà, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kó ẹrù àti èèyàn jọ sí kí wọ́n tó pín wọn lọ síbòmíràn. Mi ò bi í ní nǹkan kan mọ́ lórí ìyẹn. Mo gbàdúrà fún un níbi tí mo jókòó sí, ó ń ṣe àmín, àmín. Nígbà tí mo parí, mo ní kí ló fẹ́ kí n máa fi ránṣẹ́ sí i. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. “Gaàrí, mà. Gaàrí Ìjẹ̀bú.”

Oṣù Kẹwàá ọdún 2023 nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Àkànní nígbà tí físà lọ́tìrì gbé wa dé Amẹ́ríkà lọ́dún 2009, Georgia yìí náà la sì ń gbé látìgbà náà. Ọdún 2021 ló wọṣẹ́ ológun. Mo sunkún nígbà yẹn, bàbá rẹ̀ ló ní kí n jẹ́ kí ọmọ ṣe ohun tí orí rẹ̀ yàn. Ohun tó mú mi kọ èyí ni pé ìyá mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti pè mí lóṣù yìí nìkan, ọmọ wọn ń lọ bíi tèmi, wọ́n ń béèrè bí wọ́n ṣe ń di ẹrù ránṣẹ́ sí ṣọ́jà. Ẹ ò ní rí orúkọ àgọ́ tí ọmọ mi wà níbí o. Ohun tí ọwọ́ mi ti ṣe ni màá sọ.

Ẹni tí kò bá ṣe é rí á rò pé owó ńlá ni, nítorí òkè òkun ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó tí ẹ máa san kí ẹrù lọ láti ìlú kan sí òmíràn láàárín Amẹ́ríkà náà lẹ máa san, nítorí àdírẹ́ẹ̀sì ológun ni. Ẹ máa kọ orúkọ ọmọ yín àti ipò rẹ̀, ẹ ó kọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó wà, lẹ́yìn náà APO (ìyẹn ilé ìfìwéránṣẹ́ àwọn ọmọ ogun) AE àti nọ́ńbà márùn-ún. Ti àwọn tó wà ní Yúróòpù, Áfíríkà àti àgbègbè Kuwait yẹn ni AE. Tí ọmọ yín bá wà ní Kòríà tàbí Japan, AP ni. Ẹ má kọ orúkọ orílẹ̀-èdè sí i rárá o! Ẹ kọ Kuwait sí i lára, ó lè bọ́ sínú ẹrù àwọn ará ìlú, ẹ ó sì máa wá a káàkiri.

Páálí kan wà nílé ìfìwéránṣẹ́ tí wọ́n kọ APO/FPO sí lára. Íǹṣì 12 ni gígùn rẹ̀, íǹṣì 12 ni fífẹ̀ rẹ̀, ó ga díẹ̀ ju íǹṣì márùn-ún lọ. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fúnni ní páálí yẹn. Ohun tó dára jù lọ lára rẹ̀ ni pé iye kan náà lẹ máa san, ìbáà fúyẹ́, ìbáà wúwo, títí dé pọ́n-ùn 70. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé gaàrí rí mọ ìdí tínú mi fi dùn nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn.

Fọ́ọ̀mù àwọn aṣọ́bodè ló gba àkókò mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Gbogbo ohun tó wà nínú páálí lẹ gbọ́dọ̀ kọ, iye rẹ̀ àti bó ṣe wúwo tó. Mo kọ “garri”. Obìnrin tó wà lórí káńtà, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó lè tó ẹ̀gbọ́n mi, yọ awò ojú rẹ̀, ó ní kí nìyẹn. Mo ṣàlàyé: ẹ̀gẹ́ ni, a rin ín, a fún omi rẹ̀ jáde, a yan án nínú agbada. Àwọn èèyàn ti tò sẹ́yìn mi. Ó tẹ́tí sí mi dáadáa, ó wá tẹ “cassava flakes” sínú kọ̀ǹpútà, ó ní kí Ọlọ́run bá mi ṣọ́ ọmọ mi.

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni páálí yẹn fi dé. Àkànní pè mí, mo rí i lójú fóònù pé ó ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ nǹkan kan wà tó fẹ́ sọ. “Mummy, ẹ ṣeun gan-an mà. Ṣùgbọ́n gaàrí ń rùn bí ọṣẹ.” Ọṣẹ ìwẹ̀ mẹ́rin ni mo dì mọ́ ọn, èyí tó ní òórùn dídùn. Ooru inú ọkọ̀ àti ti inú bàálù ti mú òórùn yẹn wọnú ọ̀rá lọ bá gaàrí. Ó ní òun ṣì mu ún, òun ò da ẹyọ kan nù. Ó dùn mí títí di alẹ́. Látọjọ́ náà, páálí oúnjẹ lọ́tọ̀, páálí ọṣẹ, páòdà àti Aboniki lọ́tọ̀. (Aboniki ṣe pàtàkì o, ẹrù tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn wúwo, ẹ̀yìn ọmọ sì ń dun ún.)

Bí mo ṣe ń dì í báyìí nìyí. Màá da gaàrí sínú ọ̀rá onísíìpù, kóńgò kan sí ọ̀kan. Mi ò ní kún un dẹ́nu. Màá tẹ́ ọ̀rá náà sórí tábìlì, màá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, díẹ̀díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa jáde, títí tí yóò fi le gbandi, tí yóò sì pẹlẹbẹ bí ìrọ̀rí ọmọ tuntun. Màá tún ki ìyẹn bọnú ọ̀rá kejì, màá lẹ bébà mọ́ ọn lára tí mo kọ orúkọ rẹ̀ sí, nítorí ohun tó bá jọ ìyẹ̀fun nínú ọ̀rá lásán lè kó ìfura bá àwọn tó ń yẹ ẹrù wò. Mílíìkì ní tirẹ̀, inú sáṣẹ́ẹ̀tì tó ti wá ni màá fi sílẹ̀ sí. Gaàrí ni màá tẹ́ sísàlẹ̀ páálí bí ẹni tẹ́ ibùsùn. Kúlíkúlí àti ẹ̀pà sísun ló máa lé e, lẹ́yìn náà róbó, dódò Ìkirè tí wọ́n bá rí i gbé wá fún mi, ṣúgà oníhóró, ata gígún nínú agolo. Ìbọ̀sẹ̀ dúdú ni mo máa ń ki bọ àwọn igun tó bá ṣófo, kí nǹkan má baà máa mì. Ìbọ̀sẹ̀ kì í pọ̀ jù fún ṣọ́jà.

Ẹ má fi ọtí ránṣẹ́, ẹ má fi ohunkóhun tó ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ránṣẹ́. Orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí ni Kuwait, àwọn ológun Amẹ́ríkà fúnra wọn sì ti fi òfin de ọtí mímu fáwọn ọmọ wọn lágbègbè yẹn. Ẹran gbígbẹ, kílíṣí, gbogbo ìyẹn, èmi ò fi ránṣẹ́ rárá. Ṣọ́kọ́léètì ńkọ́? Mo fi ránṣẹ́ lóṣù Karùn-ún, ó di omi, ó sì lẹ̀ mọ́ gbogbo nǹkan tó kù. Ìlú tí wọ́n ti wọn ooru dé dígírì 53.9 lórí ìwọ̀n Celsius rí nìyẹn, ní Mitribah, lóṣù Keje ọdún 2016. Ẹ fi ṣọ́kọ́léètì mọ sí àsìkò Kérésìmesì.

Ti Kérésìmesì gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, nítorí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń dùn mí. Lóṣù Kejìlá, Àkànní ní páálí kún ilẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn débi pé wọn ò rí ibi rìn. Ilé ìwé fi ránṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì fi ránṣẹ́, àwọn èèyàn tí wọn ò mọ̀ rí fi káàdì ránṣẹ́. Nígbà tó di oṣù Kejì, kò sí nǹkan kan. Oṣù Kẹta, kò sí. Oòrùn kò yàtọ̀, iṣẹ́ kò yàtọ̀, ìyẹ̀wù kan náà ni, eruku kan náà ni, kò wá sẹ́ni tó rántí. Ó ní ọmọkùnrin kan wà ní yàrá àwọn, Texas ló ti wá, tí wọn kì í pe orúkọ rẹ̀ rárá tí wọ́n bá ń pín ẹrù. Ọmọ náà kò sì ní kọjá lọ, á máa dúró títí wọ́n á fi pín in tán.

Gbólóhùn yẹn kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà. Mo ní kó fún mi ní orúkọ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Tẹ́lẹ̀, èèyàn lè di ẹrù, kó kọ ọ́ sí “ṣọ́jà èyíkéyìí”, yóò sì dé ọwọ́ ẹnì kan. Àmọ́ nígbà tí lẹ́tà tó ní kòkòrò àrùn anthrax nínú bẹ̀rẹ̀ sí í pa èèyàn ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2001, wọ́n dá ètò yẹn dúró. Ó di dandan kí orúkọ wà. Ẹni tí kò bá mọ ṣọ́jà kankan lè gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ bíi Operation Gratitude, wọ́n ti ń ṣe é láti ọdún 2003. Ṣùgbọ́n èmi mọ ṣọ́jà, mo sì ti gba orúkọ. Àwa obìnrin mẹ́fà nínú ẹgbẹ́ Màmá ní ṣọ́ọ̀ṣì dá owó jọ, a bẹ̀rẹ̀ sí í di mẹ́ta lóṣù, àwọn tí kì í rí gbà la kọ orúkọ wọn sí i.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 2024, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo ti tẹ́ ọ̀rá sórí tábìlì, kí n tó gbọ́ pé dróònù kọlu ibùdó kan tí wọ́n ń pè ní Tower 22 ní Jọ́dánì, ó pa ṣọ́jà mẹ́ta. Jọ́dánì kọ́ ni ọmọ mi wà, mo mọ̀. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, àmì kan ṣoṣo ló hàn, kò di méjì. Aago méjì ọ̀sán ni. Mo pe bàbá rẹ̀ wá, a kò bára wa sọ nǹkan. Mo padà sídìí tábìlì, mo ń tẹ gaàrí, mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló tó dáhùn, aago méjì òru nìyẹn lọ́dọ̀ wọn: “Mo wà mà. Ẹ lọ sùn.” Nígbà tí wọ́n kéde orúkọ àwọn mẹ́ta náà lọ́jọ́ kejì, ọmọ Georgia níbí ni gbogbo wọn, láti Carrollton, Waycross àti Savannah. Mo ní ọ̀rẹ́ ní Carrollton. Kò tó wákàtí kan àtààbọ̀ sílé mi.

Màmá mi pè láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni wọ́n. Wọ́n ní àbúrò bàbá àwọn wà lára àwọn tí òyìnbó kó lọ Burma lọ́dún 1943. Lẹ́tà kò dé, kò sí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà fi ohunkóhun ránṣẹ́ sí i. Wọ́n ní gbogbo ìgbà tí ìyá ìyẹn bá yan gaàrí tuntun, á kọ́kọ́ wọn kóńgò kan sọ́tọ̀ sínú agbọ̀n kan lókè àjà, tiẹ̀ nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Tó bá ti pẹ́ jù, á kó o fún aládùúgbò, á tún wọn òmíràn sí i. Ó ṣe é títí ọmọ náà fi dé.

Àkànní padà sílé lóṣù Keje ọdún 2024, ara rẹ̀ dá pé, Ọlọ́run ṣeun. Páálí tí mo fi ránṣẹ́ kẹ́yìn kò bá a níbẹ̀. Ó ti sọ fún ọmọ Gánà kan tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ pé tó bá dé, kó tú u. “Soakings” làwọn ń pe gaàrí mímu lọ́dọ̀ tiwọn. Ọmọ náà fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi: ife onírin mẹ́ta lórí tábìlì, gaàrí ti wú nínú wọn, kúlíkúlí léfòó lójú rẹ̀, ọmọ Texas yẹn di ṣíbí mú. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Thank you Mummy.”

Wọ́n ti padà sílé báyìí, àwọn mìíràn ti lọ rọ́pò wọn. Orúkọ mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ wa lóṣù yìí. Mo gbé páálí lọ láàárọ̀ àná, obìnrin orí káńtà yẹn náà ló wà níbẹ̀. Ó gbé e sórí ìwọ̀n, pọ́n-ùn 15. Kí n tó la ẹnu, ó ti ń tẹ “cassava flakes”.