Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Kọ́kọ́ Ronú, Kí AI Tó Lanu

Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2022 tí ChatGPT, ẹ̀rọ AI tó ń fi ọ̀rọ̀ dáhùn ohun tí èèyàn bá bi í, ti jáde, iṣẹ́ àṣetiléwá tí àwọn ọmọ ń kó wá sórí tábìlì olùkọ́ ti yàtọ̀. Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ ń dán, ìpínrọ̀ rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí ọmọ tó kọ ọ́ ṣàlàyé gbólóhùn kejì, ẹ ó rí i pé ojú ilẹ̀ ló máa wò. Nílùú Ìbàdàn wa, láti Mọ́níyà dé Challenge, láti Àpáta dé Agodi, fóònù kan ṣoṣo nínú ilé ti tó láti fi parí iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ mẹ́rin kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná. Àwa olùkọ́ náà kò jìnnà sí i, nítorí púpọ̀ nínú wa ló ń fi AI kọ nóòtì ẹ̀kọ́.

Mi ò ní ká sá fún un. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin òbí gbọ́ kò ju ọ̀kan lọ: ẹ máa wo ẹni tó kọ́kọ́ ronú. Ọmọ tó ti gbìyànjú, tó kọ ọ́ sílẹ̀, tó ṣì í, tó wá lọ béèrè, AI lè ràn án lọ́wọ́. Ọmọ tí AI ti bá dáhùn kó tó ronú kò kọ́ nǹkan kan, kódà bó gba 10 nínú 10.

Ẹ̀rí wà. Ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì, àwọn olùwádìí fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama tí iye wọn tó nǹkan bí 1,000 ní AI láti fi ṣe ìdánrawò ìṣirò. Àwọn tí AI tiwọn ń dáhùn ohunkóhun tí wọ́n bá bi í fi ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún ta àwọn tí kò ní AI yọ nígbà ìdánrawò. Nígbà tí wọ́n gba AI náà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n ṣe ìdánwò, àwọn ọmọ yìí kan náà fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀yìn sí àwọn tí kò lo AI rárá. Ẹgbẹ́ kẹta lo AI tí wọ́n ti pàṣẹ fún pé kó máa tọ́ka ọ̀nà láìsọ ìdáhùn. Ìpalára yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lára wọn. Nílé wa níbí, ní ìlú Benin ní ìpínlẹ̀ Edo, Báńkì Àgbáyé ṣe ètò ọ̀sẹ̀ 6 kan fún àwọn ọmọ girama lẹ́yìn àkókò ilé-ìwé, ní oṣù kẹfà sí oṣù keje ọdún 2024. Microsoft Copilot, AI kan bíi ChatGPT, ni wọ́n lò, olùkọ́ sì ń darí wọn. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju àwọn tí kò kópa lọ. Ẹ wo ohun tó pa méjèèjì pọ̀: AI ń ranni lọ́wọ́ níbi tí ẹnì kan ti dí i lọ́wọ́ pé kó má ronú fún ọmọ.

Fún àwọn ọmọ tiwa, ọ̀rọ̀ ìdánwò tún mú un le. Ìdánwò JAMB jẹ́ ìbéèrè 180 láàárín wákàtí 2, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 40 fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Fóònù kò gbọdọ̀ wọ gbọ̀ngàn WAEC. Ọmọ tí kò bá ti máa ń fi orí ara rẹ̀ wá ìdáhùn láti JSS1 kò lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Báwo wá ni ká ṣe é? Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ àṣetiléwá ìṣirò kan. Obìnrin kan ra àpò ẹ̀wà kan ní ₦80,000 ní ọjà Bódìjà, ó sì tà á ní ₦100,000. Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni èrè rẹ̀? Ọmọ á kọ́kọ́ ṣe é sínú ìwé rẹ̀ pẹ̀lú bíró aláwọ̀ búlúù, kódà bí kò bá dá a lójú. Kò gbọdọ̀ pa á rẹ́. Bó bá há, kó kọ ibi tó há sí ní gbólóhùn kan, bí àpẹẹrẹ: «Mi ò mọ̀ bóyá 80,000 ni mo máa fi pín in ni tàbí 100,000.» Gbólóhùn yẹn lówó lórí ju ìdáhùn lọ. Nítorí pé èrè ₦20,000 tí a bá fi iye tí ó rà á pín jẹ́ ìdá 25, tí a bá sì fi iye tí ó tà á pín, ìdá 20 ni. Ọmọ tó bá da ìbéèrè náà kọ sínú AI lásán á rí 25, á kọ ọ́, kò sì ní mọ̀ láéláé pé ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀ àti ìdí tí a fi mú ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà ni kó tó lọ bá AI, ohun tó máa tẹ̀ síbẹ̀ sì ṣe pàtàkì gan-an. Ẹ kọ ọ́ sójú pátákó kí gbogbo wọn dà á kọ: «Akẹ́kọ̀ọ́ JSS3 ni mí. Ìbéèrè náà nìyí. Bí mo ṣe ṣe é nìyí. Má sọ ìdáhùn fún mi. Sọ ìlà tí mo ti ṣì í, kí o sì bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó máa jẹ́ kí n tún un ṣe.» Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ tẹnu mọ́, torí AI fẹ́ràn àlàyé gígùn, ọmọ tó bá rí ìpínrọ̀ mẹ́fà yóò fò lọ sí ìlà tó kẹ́yìn. Ó tún máa ń gbàgbé àṣẹ náà lẹ́yìn bí ìdáhùn mẹ́rin tàbí márùn-ún, á wá tú gbogbo iṣẹ́ náà sílẹ̀. Kí ọmọ tún àṣẹ náà tẹ̀ bó bá ti rí i bẹ́ẹ̀. Àtúnṣe tó bá ṣe, bíró dúdú ni kó fi kọ ọ́ sábẹ́ ti àkọ́kọ́.

Bí ẹ bá ń fún wọn ní máàkì, ẹ pín 10 náà báyìí: 4 fún ìgbìyànjú àkọ́kọ́, yálà ó tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà, 2 fún ibi tó sọ pé òun há sí, 4 fún àtúnṣe tó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣàlàyé. Bí gbogbo máàkì bá wà lórí ìdáhùn tó kẹ́yìn, àwa gan-an là ń rán ọmọ lọ sídìí AI. Ẹ má sì fún kíláàsì ní iṣẹ́ tí fóònù pọn dandan fún. Nínú ọmọ 60, àwọn kan wà tí fóònù bàbá wọn kì í délé títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Fún wọn, kíláàsì ni AI ti wúlò. Nínú píríódù ìṣẹ́jú 40, ẹ fi 15 sílẹ̀ kí gbogbo wọn dá ṣe é, 10 kí ẹgbẹ́ mẹ́wàá tí ó ní ọmọ mẹ́fà-mẹ́fà fẹnu kò lórí ibi tó ṣòro, kí ẹ wá fi fóònù tiyín béèrè ìbéèrè méjì péré, kí ẹ ka ìdáhùn náà sétí wọn. Ìṣẹ́jú tó kù, iṣẹ́ wọn ni láti wá àṣìṣe inú rẹ̀.

Ó kan wa báyìí, àwa olùkọ́. Bí ẹ bá kàn tẹ̀ pé «kọ nóòtì ẹ̀kọ́ lórí photosynthesis fún mi», nóòtì ọmọ Amẹ́ríkà ni yóò fi lé yín lọ́wọ́, pẹ̀lú irinṣẹ́ tí kò sí nínú yàrá sáyẹ́ǹsì yín. Ẹ sọ kíláàsì, iye ọmọ, gígùn píríódù, ọ̀sẹ̀ tí ẹ wà nínú ètò ẹ̀kọ́ sáà yẹn, àti ohun èlò tó wà nílẹ̀: ewé ẹ̀fọ́, ife omi, áyódínì bó bá wà. Ẹ tẹ àwọn kókó inú ètò ẹ̀kọ́ náà sí i fúnra yín, ẹ má retí pé ó mọ̀ ọ́n. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ: bó bá kọ ọ́ tán, ẹ ṣe gbogbo ìṣirò inú rẹ̀ lákọ̀tun, ẹ sì fa ìlà sábẹ́ gbogbo orúkọ, ọdún àti ibi tó dárúkọ.

Ìtàn ni kí ẹ ṣọ́ jù lọ. Ẹ ní kó kọ nípa àwọn ogun Ìbàdàn, kí ẹ wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kò da ogun Ìjàyè, ti ọdún 1860 sí 1862, pọ̀ mọ́ ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ẹ wò ó bóyá Kúrunmi wà ní Ìjàyè níbi tó yẹ kó wà, bóyá Ààrẹ Látòósà ló wà lẹ́yìn Ìbàdàn ní Kírìjì, bóyá Ògèdèǹgbé sì wà pẹ̀lú Èkìtìparapọ̀ tó bá Ìbàdàn jà. Bó bá to orúkọ ìwé sísàlẹ̀, ẹ wá wọn rí kí ẹ tó kọ wọ́n fún ọmọ, torí ó lè dá orúkọ ìwé tí kò sí láyé sílẹ̀, kó fi orúkọ òǹkọ̀wé gidi sí i. Ìlú wa ṣoríire nínú èyí: ilé ìkówèésí Kenneth Dike àti National Archives wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn.

Ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé kò mọ òótọ́ yàtọ̀ sí irọ́. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fojú díwọ̀n ègé ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀ lé èyí tó ṣáájú, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí i nínú àìmọye ìwé tí wọ́n fi kọ́ ọ. Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú àwọn ìwé yẹn, Yorùbá ò tó nǹkan. Èyí ló fà á tí olùkọ́ Yorùbá fi gbọ́dọ̀ la ojú rẹ̀ ju gbogbo wa lọ. Ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí àgbẹ̀ ń gbé lọ oko, ọkọ̀ tó ń ná Ìwó Road, ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù, AI lè fi àmì ọ̀kan sórí èkejì láìmikàn. Nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pa lẹ́tà mọ́: ọ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀ kò ní. Ńṣe ni wọ́n máa ń fi àmì náà lé lẹ́tà ọ lórí. Nítorí náà, bí ẹ bá da ọ̀rọ̀ kọ láti inú AI sínú ìwé ìdánwò, àmì lè ṣí kúrò tàbí kó di àpótí kékeré nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ tẹ ojú ewé kan wò kí ẹ tó tẹ 60.

Ònkà náà ńkọ́? Láti 1 dé 4 a máa ń fi kún un, láti 5 a máa ń yọ kúrò nínú mẹ́wàá tó ń bọ̀. 54 ni mẹ́rìnléláàádọ́ta, 55 ni márùndínlọ́gọ́ta. AI tó ń ronú bíi Gẹ̀ẹ́sì lè kọ márùnléláàádọ́ta, ọmọ á sì gbà á bẹ́ẹ̀. Òwe àti oríkì burú jù. Ó lè hun òwe tó dún dáadáa létí tí baba ẹnikẹ́ni ò pa rí. Ẹ má gba òwe kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ rán ọmọ lọ bá ìyá àgbà nílé, kó kọ orúkọ ẹni tó pa á fún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ òwe náà.

Bí ẹ bá fura pé AI ló kọ iṣẹ́ kan, ẹ má fi áàpù tó ń sọ pé «ìdá 90 AI» dá ọmọ lẹ́bi. OpenAI, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ChatGPT, fúnra rẹ̀ yọ irú áàpù bẹ́ẹ̀ tó ṣe kúrò ní oṣù keje ọdún 2023 nítorí pé kò péye. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn olùwádìí Yunifásítì Stanford fi àròkọ ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì TOEFL, tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn kọ, dán irú áàpù méje wò: ó ju ìdajì àwọn àròkọ yẹn lọ tí wọ́n pè ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ọmọ Ìbàdàn tó kọ Gẹ̀ẹ́sì ìwé, tó rọrùn, tó mọ́, á bọ́ sínú pàkúté yẹn. Ẹ pè é, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta nípa ohun tó kọ. Ìṣẹ́jú 3 ni. Fún ọmọ 60, wákàtí 3 nìyẹn, kò ṣeé ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ẹ fi ìbò mú ọmọ 10 lọ́sẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ 6, ó ti kan gbogbo wọn, kò sì sí ẹni tó mọ ọ̀sẹ̀ tirẹ̀.

Orúkọ ọmọ, fọ́tò rẹ̀, èsì ìdánwò rẹ̀, àìsàn rẹ̀, ìjà ilé wọn: ìkankan nínú wọn kò gbọdọ̀ wọ inú AI. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 béèrè àṣẹ òbí lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó bá yín wo iṣẹ́ ọmọ, ẹ fi nọ́ńbà 01 dé 60 rọ́pò orúkọ, kí ìwé tó so nọ́ńbà mọ́ orúkọ wà nínú dúrọ́ọ̀ yín. Bí ẹ bá ń ya ojú ewé, ẹ fi bébà bo orúkọ tó wà lókè. Ní ti ọjọ́ orí, UNESCO dámọ̀ràn ọdún 13 ní 2023, ChatGPT náà kò gba ẹni tí kò tó 13, ó sì ní kí ẹni tí kò tíì pé 18 gba àṣẹ òbí. Nítorí náà kò sí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó yẹ kó ní àkáǹtì.

Iná lè má sí, dátà lè tán. Ẹ ṣe ti AI ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ kọ ọ́ sínú nóòtì. Ọ̀rọ̀ lásán kì í jẹ dátà púpọ̀, àwòrán àti fídíò ló ń jẹ ẹ́.

Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ìwé kékeré ránṣẹ́ sí òbí: «Ọmọ yín á máa fi bíró búlúù ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá fúnra rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan fóònù. Bí ẹ bá rí dúdú nìkan nínú ìwé rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bi í pé búlúù dà. Ẹ má bá a ṣe é, ẹ má sì nà án bó bá ṣì í.» Ẹ fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún ìbuwọ́lùwé, kí ẹ sì ka ìwé náà ní Yorùbá fún òbí tó bá wá síbi ìpàdé òbí àti olùkọ́, nítorí àwọn tó máa ń bójú tó iṣẹ́ àṣetiléwá lálẹ́ lè jẹ́ ìyá àgbà tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n tó mọ búlúù yàtọ̀ sí dúdú.