Ìdí tírélà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ pèpéle ìkẹ́rù sí sítóò kòkó yín ní Iléṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó ohun tí yóò di tírélà mú kó má baà sún kúrò lẹ́bàá pèpéle. Ẹ mú téèpù, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ wo ìdí gbogbo tírélà tó bá wọgbà.

Ìkọ́ tí wọ́n ń so mọ́ ara pèpéle, irin ìdábùú abẹ́ ìdí tírélà ló ń gbá mú. Ní Amẹ́ríkà, òfin ò jẹ́ kí irin yẹn fi ju sẹ̀ǹtímítà 56 ga kúrò nílẹ̀. Tiwa ńkọ́? Òmíràn ti wọ́, wọ́n ti fi gáàsì gé òmíràn dànù, òmíràn ni jórinjórin kàn lẹ̀ mọ́ ibi tó wù ú. Ìkọ́ tí ò bá rí irin dì mú, owó gbé. Bó bá jẹ́ pé irin ọ̀pọ̀ nínú wọn ò pé, èyí tó ń há táyà ni kí ẹ rà. Kankéré tó tẹ́jú lòun ń fẹ́, kí ẹ sì máa gbá ẹrẹ̀ àti òkúta kúrò lọ́nà rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹni tó bá ní bíréèkì ọkọ̀ nìkan ti tó, kó lọ wo etí afárá irin tí fọ́kílífìtì ń gbà wọnú ọkọ̀. Fọ́kílífìtì tó ń gbé tọ́ọ̀nù 2.5, òun alára á tó bíi tọ́ọ̀nù 4. Gbogbo ìgbà tó bá tẹ bíréèkì nínú tírélà ló ń ti ọkọ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀. Etí afárá tó gorí ìdí ọkọ̀ dáadáa láàárọ̀ lè ku ìka méjì péré lórí rẹ̀ lọ́sàn-án. Bó bá yọ, àti fọ́kílífìtì àtẹni tó ń wà á, inú àlàfo ni.

Wẹ́ẹ̀jì rọ́bà tí wọ́n ń fi dí táyà ṣì wúlò, ṣùgbọ́n kí gíga rẹ̀ tó ìdá mẹ́rin táyà: táyà mítà 1, wẹ́ẹ̀jì sẹ̀ǹtímítà 25. Méjì ni, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, níwájú táyà tó sún mọ́ pèpéle jù. Lórí ilẹ̀ pupa tí òjò ti pa, ṣe ni yóò máa yọ̀ lọ.

Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ńkọ́? Ọwọ́ olùtọ́jú sítóò ni kó wà, torí dẹ́rẹ́bà lè rò pé ẹrù ti pé, kó sì ṣíná. Olùtọ́jú ò gbọdọ̀ dá a padà àfi tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí i pé fọ́kílífìtì ti jáde.

Tí wọ́n bá já orí tírélà kúrò, ẹ gbé jáàkì méjì sábẹ́ imú rẹ̀ kí fọ́kílífìtì tó wọlé.