Ẹ ra ìwé rìsíìtì kẹ́ ẹ tó kọ prọ̀pósà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹgbẹ́ kékeré tẹ́ ẹ fi ń tún àdúgbò ṣe, tẹ́ ẹ sì ń wá owó gíráǹtì, ìyẹn owó ìrànwọ́, lọ́wọ́ àwọn fáńdéṣọ̀n, àwọn àjọ tó ń fi owó ṣètọrẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọdún mẹ́ta gbáko ló gbà mí, kò yẹ kó gba ẹ̀yin tó bẹ́ẹ̀.

Gọ́tà la fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́bàá ọjà Òkè-Ajé. Tójò bá ti rọ̀ báyìí, náílọ́ọ̀nù píọ̀wọ́tà àti pàǹtí ọjà á dí ojú ẹ̀ pa, omi á sì ya wọ ìsọ̀ àwọn ìyá tó ń ta gàrí, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé gàrí tómi bá ti kàn, ó tán nìyẹn. Àwa mọ́kànlá la dáwó jọ, a ra ṣọ́bìrì mẹ́rin àti bárò méjì, a wá ń kó ẹ̀gbin inú gọ́tà náà ní Sátidé kan nínú oṣù.

Ìgbà tó yá la ní ká wá owó ńlá. Prọ̀pósà, ìyẹn ìwé tá a fi ń tọrọ owó náà, èyí tí mo kọ́kọ́ kọ jẹ́ ojú ìwé 17, mo ní a máa lé òṣì kúrò nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, a máa fún àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́, a máa tún ọjà kọ́. Wọn ò dá wa lóhùn. Èkejì, mo fi ránṣẹ́ sí Knight Foundation ní Amẹ́ríkà torí mo gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ìlú ni wọ́n ń náwó lé, mi ò sì fara balẹ̀ kà á pé àwọn ìlú 26 tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Knight tó dá a sílẹ̀ ti ní ìwé ìròyìn rí ni wọ́n ń ṣe é fún, Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún ni gbogbo ẹ̀ wà. Ẹ̀bi tèmi ni. Ẹlòmíì nínú wa tún ní ká lọ bá Tony Elumelu Foundation, bẹ́ẹ̀ ẹni tó fẹ́ dá òwò sílẹ̀ ni wọ́n ń fún ní $5,000 yẹn, kì í ṣe ẹgbẹ́ tó ń kó gọ́tà. Ẹ ka ibi tí wọ́n kọ ẹni tí wọ́n ń fún sí kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìjọba, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀: CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ni ẹ máa fi orúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ sí, ẹ máa gbé e sínú ìwé ìròyìn méjì, ẹ máa fi ọjọ́ 28 sílẹ̀ bóyá ẹnì kan máa ta kò ó, ẹ tún máa gba ìwé lọ́dọ̀ SCUML, ẹ̀ka tó ń gbógun ti fífọ owó tí wọ́n fi èrú rí, tó wà lábẹ́ EFCC, torí báńkì máa bi yín. Tẹ́nì kan bá ní kẹ́ ẹ máa lo àkáǹtì òun ná, ẹ má gbà, bó ti wù kẹ́ ẹ mọ onítọ̀hún tó.

Ìyá kan tó ń ta gàrí ló là mí lójú. Mo ń ka prọ̀pósà kẹta sí wọn létí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ ń kọ èyí tẹ́ ẹ máa ṣe, ta ló ń kọ èyí tẹ́ ẹ ti ṣe?" Wọ́n bá yọ ìwé kékeré kan lábẹ́ àga. Gbogbo ọjọ́ tómi wọ ìsọ̀ wọn ni wọ́n ti kọ síbẹ̀, ìgbà 14 láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá, pẹ̀lú iye gàrí tó bàjẹ́. Mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo ya prọ̀pósà ọ̀hún, mo kọ òmíì, ojú ìwé 4 péré. Gọ́tà kan. Iye ìsọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọjọ́ tómi wọlé. ₦200 tí oníṣọ̀ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ń dá lóṣù. Bárò kan tí Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan, ìyẹn ẹgbẹ́ ojúgbà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, fi ta wá lọ́rẹ. Owó tiwa tó ti wà nílẹ̀ yẹn gan-an ni fáńdéṣọ̀n tá a fi ránṣẹ́ sí bèèrè nípa ẹ̀ jù nígbà tí wọ́n pè wá. Wọ́n fún wa, ìpín méjì, ìkejì ò ní jáde àfi tá a bá ti jíyìn owó àkọ́kọ́.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà o. Ọmọkùnrin tó ń fi ọmọlanke kó pàǹtí ò ní rìsíìtì, ẹni tó ń jó irin bárò náà ò ní. A ra ìwé rìsíìtì tiwa, a ń kọ iye owó, iṣẹ́ tó ṣe, ọjọ́, a ní kó fọwọ́ sí i tàbí kó tẹ̀ka, a wá fi fóònù ya á lọ́jọ́ yẹn náà, torí tó bá di ọ̀la ẹ ò ní rí i mọ́. Ẹ fi owó ọkọ̀, dátà àti owó ẹni tó máa yẹ ìṣirò wò sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe olè, iṣẹ́ ni.

Ohun tó dùn mí jù ni pé a yọ ₦85,000 nínú owó ṣọ́bìrì, a fi háyà kánópì àti àga ọjọ́ tá a fẹ́ ṣí iṣẹ́, torí èèyàn pàtàkì kan ń bọ̀. Wọ́n ní ká dá a padà. Àwa mọ́kànlá la tún dá a látinú àpò wa, ẹnì kan ta fóònù ẹ̀. Ímeèlì kan ṣoṣo tá a bá fi bi wọ́n ká tó yọ ọ́ ni ì bá gbà wá.

Ìyá yẹn ṣì ń kọ ìwé wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n pè mí pé omi tún wọlé, ẹ̀ẹ̀kejì lọ́dún yìí, àti pé kí n má fi í pamọ́ fáwọn tó fún wa lówó. Mo ti kọ ọ́ sínú rípọ́ọ̀tù.