Ẹ Bá Mi Dúpẹ́, Kò Tíì Rìn

Ẹ̀yin ènìyàn mi ní Adó, ní Ìkẹ́rẹ́ àti ní ẹ̀yìn odi, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa, nítorí èsì tí a ń retí ti dé: jẹjẹrẹ tí wọ́n bá lẹ́nu ilé ọmọ mi kò tíì ràn dé ibòmíràn kí wọ́n tó gbé e kúrò.

Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Ìfètò-sọ́mọ-bíbí lásán ni mo bá lọ sọ́dọ̀ wọn, nǹkan kan kò dùn mí, ṣùgbọ́n wọ́n ní n kò ní í lọ láìjẹ́ pé àwọn fi òwú tó bọ fínígà ra ẹnu ilé ọmọ mi. Ojú kan níbẹ̀ funfun báláú, àmì pé ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò sí i. Wọn kò pariwo, wọ́n kàn kọ ìwé lé mi lọ́wọ́ pé ilé ìwòsàn ńlá yá.

Ẹ̀rù bà mí jù nígbà tí dókítà ní àwọn ti yọ àwọn kókó kéékèèké inú ìbàdí mi, irú èyí tó ń bá ara gbógun ti àrùn, lọ fún àyẹ̀wò, nítorí ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ yìí sábà máa ń gbà bí ó bá fẹ́ rìn. Mo rántí àǹtí wa: kékeré ni wọ́n bá tiwọn, ó sì ti rìn. Dókítà ní kòkòrò HPV, tí ìbálòpọ̀ máa ń gbé ká, ló ń fà á, pé irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 16 àti 18 ló wà nídìí nǹkan bí 70 nínú 100 jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, àti pé àwọn onímọ̀ ń wo ìyàtọ̀ inú àbùdá tí a bí mọ́ oníkálukú, pàápàá èyí tó ń darí bí ara ṣe ń dá kòkòrò mọ̀, bóyá òun ló ń jẹ́ kí ti ẹnìkan tètè tàn ju ti ẹlòmíràn lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní àrùn ìdílé ni, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èpè. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní ìṣekúṣe ni, ọ̀pọ̀ jù lọ obìnrin tó ti mọ ọkùnrin ni kòkòrò yìí máa ń kàn rí, ara wọn a sì lé e lọ. Ẹni tó ní àgbo ni kí n máa mu, mo kí yín o.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára kòkòrò HPV yìí tí ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 2023, ọ̀fẹ́ ni fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Ẹ mú wọn lọ. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni ìdúpẹ́, iyán yóò wà, Màmá Nọ́ọ̀sì náà yóò wà níbẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń sá fún àyẹ̀wò, mo ti sọ fún wọn pé ẹ ń bọ̀.