Ẹran Ara Tó Ń Di Eegun

Sátidé. Mo lọ wo eegun Harry Eastlack ní Mütter Museum, ilé tí wọ́n ń kó ohun ìṣègùn àtijọ́ sí, ní Philadelphia níbí. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé eegun òkú dúró, wáyà ni wọ́n fi ń so oríkèé rẹ̀ mọ́ra kó má baà tú ká. Ti Harry ò fi bẹ́ẹ̀ gba wáyà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀, eegun mìíràn sì yọ bí ẹ̀ka igi níbi tó yẹ kí ẹran wà. Wọ́n bí i ní 1933, ó kú ní 1973. Nígbà tó fi máa kú, ètè rẹ̀ nìkan ló lè mì. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi eegun òun ṣèwádìí.

FOP (fibrodysplasia ossificans progressiva) ni wọ́n ń pe àìsàn tó ṣe Harry. Bóyá lèèyàn kan ní in nínú mílíọ̀nù kan. Ọmọ á ṣubú, ibẹ̀ á wú, tó bá yá, iṣan ibẹ̀ á di eegun. Dókítà tí kò mọ̀ ọ́n rí á rò pé jẹjẹrẹ ni, á gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, ojú ọgbẹ́ yẹn náà á tún di eegun. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù: ọwọ́ tó fẹ́ tọ́jú ọmọ ló ń dá kún un. Àní abẹ́rẹ́ tó bá wọnú iṣan lásán tó bẹ́ẹ̀.

Ní 2006, Frederick Kaplan àti Eileen Shore pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn ní yunifásítì ìlú yìí rí apilẹ̀ àbùdá tó ń fà á, ACVR1. Oògùn palovarotene gbàṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 2023. Ó ń dín eegun tuntun kù, kì í yọ́ ti àtijọ́, ó sì lè dá ọmọdé dúró láì ga mọ́.

Bẹ́ẹ̀, àmì àìsàn náà wà lára ọmọ láti ọjọ́ ìbí: àtàǹpàkò ẹsẹ̀ á kúrú, á wọ́ sápá ìka yòókù. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ̀ pé itan la máa ń wò, a kì í wo ìka ẹsẹ̀.

Mo ti pe àbúrò mi tó ń fún ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára ní Iléṣà. Mo ní, "Wo àtàǹpàkò ẹsẹ̀ méjèèjì kó o tó gún un. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, pe dókítà ná."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èrò pọ̀ lọ́dọ̀ wa láàárọ̀ o."

Mo ní kó ṣáà máa wò ó.