Egbò ti jinná, ọwọ́ ṣì ń jó: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Bí egbò bá ti jinná, tí egungun ti so, síbẹ̀ tí ọwọ́ ń jó bí ẹni fi ata ra á, tó ń gbé yín bí iná NEPA, tí aṣọ lásán kàn án tí ẹ fẹ́ẹ̀ kígbe, ìrora iṣan nìyẹn. Iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ ló fara pa, irọ́ ló wá ń pa fún ọpọlọ. Ìdí nìyí tí Paracetamol kì í fi í ràn án. Ẹ má máa gbé e mì léraléra. Ẹ̀dọ̀ lẹ máa fi jìyà.

Amitriptyline, oògùn tó ń mú ìrora iṣan rọlẹ̀, ni dókítà sábà máa ń kọ, mílígíráàmù 10 lálẹ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọn a sì máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹ lò ó ní wákàtí 2 kí ẹ tó sùn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ oorun á bá yín dé ibi iṣẹ́. Ẹnu á máa gbẹ. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí ẹ tó bú u. Ẹni tí ọkàn ń yọ lẹ́nu tàbí tí ìtọ̀ ń há, kó tètè wí. Tó bá jẹ́ Gabapentin, oògùn ìrora iṣan mìíràn, ni wọ́n kọ fún yín, ẹ má dá a dúró lójijì. Ẹ má sì fi Tramadol orí títì kún un: òun àti Amitriptyline lè fa gìrì.

Oògùn nìkan kò tó o. Ohun tó ń ba ọwọ́ jẹ́ jù ni ká fi aṣọ wé e, ká gbé e sáyà bí ọmọ tuntun. Bí nǹkan kan ò bá kàn án mọ́, gbogbo nǹkan ni ọpọlọ á máa pè ní ewu. Láti tún kọ́ ọpọlọ, ẹ mú aṣọ sátíìnì, ẹ fi ra ọwọ́ láti ibi tí kò dunni wá sí etí ibi tó ń dunni, kí ẹ sì máa wò ó bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú 5, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Tó bá ti mọ́ ọn lára, ẹ bọ́ sórí ańkárá tó ti gbó, lẹ́yìn náà táwẹ́ẹ̀lì, lẹ́yìn náà ẹ ki ọwọ́ bọ abọ́ ìrẹsì àìsè. Kànrìnkàn ìbílẹ̀ ló kẹ́yìn. Bí oró rẹ̀ ò bá rọlẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ẹ ṣe é tán, ẹ ti yára jù. Ẹ padà sí ti tẹ́lẹ̀.

Ibi tó ti kú lára ọwọ́ kò mọ ooru. Ọwọ́ kejì ni kí ẹ fi tọ́ omi wò, àti àmàlà tó ń rú èéfín pàápàá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á tàbí kó fi róòbù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Nínú takisí Micra láti Bẹẹrẹ sí Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn níbí, bó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ni, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ọ̀tún ni kí ẹ jókòó sí, kí ìgúnpá ẹlòmíì má bà á. Mo gbà pé owó àyè méjì dára ju òru kan láìsùn lọ.

Bí ọwọ́ kan ṣoṣo bá wú, tó ń làágùn, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà, tàbí tí ife ń já bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ má dúró, ẹ lọ sí UCH tàbí ilé ìwòsàn tó bá súnmọ́ yín. Níwájú dókítà, ẹ má sọ pé “ó ń dùn mí” nìkan. Ẹ sọ bóyá ó ń jó, ó ń ta, tàbí ó ń gbé yín bí iná. Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀.