Ẹ Jẹ́ Kí Iyanrìn Gíláàsì Ẹja Òkun Yín Fẹ́lẹ́

Ẹni tó bá ń sin iyùn alààyè (coral) àti ẹja òkun nínú gíláàsì n'Ìbàdàn, ìmọ̀ràn mi fún un ni pé kó má jẹ́ kí iyanrìn ìsàlẹ̀ ju sẹ̀ńtímítà 3 lọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan lókè òkun ń kó o jìn tó sẹ̀ńtímítà 10 sí 15, wọ́n sì nídìí. Nísàlẹ̀ irú iyanrìn bẹ́ẹ̀, níbi tí ọ́síjìn ò dé, àwọn bakitéríà kan wà tó ń sọ náítíréètì, èròjà tó ń ti ara ìdọ̀tí ẹja jáde, di gáàsì náítírójìn, gáàsì náà á sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, torí náítíréètì wà lára ohun tí ewédò (algae), ìyẹn ohun tó ń hù bo gíláàsì, ń jẹ.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun abẹ̀mí tó wà nínú iyanrìn ló fẹ́ mí. Bí iná bá lọ ní Bódìjà níbí, tí pọ́ǹpù dákẹ́, omi ò ní rìn mọ́. Ọ́síjìn á máa dín kù, iyanrìn tó jìn á sì máa bá ẹja du ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù. Iná tó lọ láàárọ̀ tí kò dé títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹja ló máa ń pa. Nítorí náà, kí ẹ tó ra iyùn kan ṣoṣo, ẹ kọ́kọ́ ra pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ kékeré tó ń lo bátìrì.

Irú iyanrìn náà tún ṣe pàtàkì. Aragonite ni ẹ fẹ́, ìyẹn èyí tó jẹ́ pé ìkarahun àti iyùn ló rún di iyanrìn. Ẹ kán ọsàn wẹ́wẹ́ sí díẹ̀ lára rẹ̀ nínú abọ́: bó bá ń hó, tó ń yọ ìfófó, òun náà nìyẹn. Iyanrìn tí wọ́n fi ń kọ́lé kì í hó.

Láìpẹ́ yìí, àbúrò kan ní Mọ́kọ́lá pè mí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Nǹkan pupa kan ti bo iyanrìn mi. Ṣé kí n ra oògùn sí i ni?”

“Má tíì ra nǹkan kan. Omi wo lo fi ń dípò èyí tó ń gbẹ?”

“Omi bọ́họ́ọ̀lù wa ni, ẹ̀gbọ́n. Ó mọ́ gaara.”

Mo lọ wò ó. Nǹkan ọ̀hún tẹ́ sórí iyanrìn bí aṣọ àrán, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ìfófó afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ sì há sábẹ́ rẹ̀. Igun ọ̀tún ló ti pọ̀ jù, níbi tí omi kì í rìn dé. Cyanobacteria ni wọ́n ń pè é. Bakitéríà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ ni, kì í ṣe ewédò gidi. A fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fà á jáde, ó sì ń ká bọ̀ lódindi. Lẹ́yìn náà, a dojú pọ́ǹpù kọ igun yẹn.

Mo wá ti ẹ̀rọ TDS, èyí tó ń wọn ohun tó yòrò sínú omi, bọ omi bọ́họ́ọ̀lù náà. Ó ju 200 lọ. Omi tó yẹ gíláàsì iyùn, kí a tó po iyọ̀ mọ́ ọn, 0 ni ẹ̀rọ yẹn gbọ́dọ̀ máa kà. Orí àpáta àtijọ́ ni Ìbàdàn wà; omi tó gba inú àpáta kọjá máa ń kó sílíkéètì dání, diatom, ìyẹn ìyẹ̀fun aláwọ̀ ilẹ̀ tó máa ń bo gíláàsì tuntun, sì fẹ́ràn rẹ̀. Omi tó mọ́ lójú lè kún fún oúnjẹ ewédò. Ẹ̀rọ RO/DI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi títí kò fi ní sí ohun tó yòrò sínú rẹ̀ mọ́, ló ń yọ ọ́ kúrò, owó rẹ̀ sì tó ná.

Ẹ fi omi ṣan edé dídì kí ẹ tó sọ ọ́ sí ẹja, torí fọ́síféètì, èròjà mìíràn tí ewédò ń jẹ, ń bẹ nínú omi ara rẹ̀. Àmọ́ ẹ má lé fọ́síféètì àti náítíréètì dórí òdo o! Níbi tí méjèèjì bá ti tán ni dinoflagellate, ohun alààyè tín-ín-tín kan tó ń yọ̀ bí ikun, ti máa ń gba ilé, ó sì ṣòro lé lọ ju ewédò lọ. Èmi a máa fi náítíréètì sáàárín 2 sí 10 ppm (ìdá nínú mílíọ̀nù kan), fọ́síféètì sáàárín 0.03 sí 0.1.

Ẹni tí iyanrìn rẹ̀ ti jìn, tó sì ti pẹ́, kó má fọwọ́ rò ó. Ibi dúdú tí ẹ ń rí lára gíláàsì nísàlẹ̀ lè ní hydrogen sulphide, gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, tó sì lè pa ẹja. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fa ojú rẹ̀, apá kan lónìí, apá kejì nígbà tí ẹ bá tún pààrọ̀ omi.

Inú mi máa ń dùn sí ìgbín Nassarius. Abẹ́ iyanrìn ló ń gbé, imú rẹ̀ tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan lẹ ó máa rí. Ẹ ju edé sí i, gbogbo wọn á sì yọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í jẹ ewédò, oúnjẹ àjẹkù ló ń jẹ, bó sì ṣe ń rìn ló ń ro iyanrìn. Ìgbín mìíràn tó ń jẹ́ Cerith ló ń jẹ ewédò, ẹ kó méjèèjì pọ̀.

Bí ọyẹ́ bá dé, omi á máa gbẹ kíákíá, iyọ̀ ò sì ní bá a lọ. Omi RO/DI lásán ni kẹ́ ẹ fi dí i, kì í ṣe omi oníyọ̀, kí iyọ̀ rẹ̀ lè dúró sí gíráàmù 35 nínú kílógíráàmù omi kan.